Ẹnu Tó Jẹ Dòdò: Ìpakúpa ní Kóńgò Ọba Leopold àti Ẹ̀rí Ìjọ Ọlọ́run

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Òwe yìí kúrú, síbẹ̀ ó tó láti fi wo ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ṣòro jù lọ láti yé ni nínú ìtàn ọmọ ènìyàn: báwo ni a ṣe ń pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, tí ayé mọ̀, tí ayé sì ń ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀? Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà nínú ìtàn Kóńgò lábẹ́ Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù, láti 1885 sí 1908.

Ìdí mẹ́ta ni a fi yan ìtàn yìí fún àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ òjíṣẹ́ àti fún àwọn tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Èkíní, àwọn míṣọ́nnárì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣojú wọn. Èkejì, àwọn kan nínú wọn dákẹ́, àwọn kan sọ̀rọ̀. A lè fi ìwà àwọn méjèèjì wéra, kí a sì kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kẹta, ọmọ ilẹ̀ wa kan wà nínú ìtàn náà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àìmọ̀ kọ́ ló pa ẹnu ayé mọ́ lórí Kóńgò. Àwọn tó dákẹ́ mọ̀. Wọ́n ṣírò ohun tí òtítọ́ yóò ná wọn, wọ́n rí i pé ó wọ́n, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ dídùn kan tí wọn yóò fi bo ìṣírò náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìròyìn nìkan ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní láti mọ̀. Ó ní láti mọ ohun tó wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Láàárín oṣù kọkànlá 1884 sí oṣù kejì 1885, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ìpàdé ní Berlin lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Kí wọ́n tó pàdé, Leopold ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú ní àárín Áfíríkà, kí òun sì mú ọ̀làjú dé ibẹ̀. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ní oṣù kẹrin 1884. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1885, ilẹ̀ kan tó tóbi ju Bẹ́ljíọ̀mù lọ ní ìlọ́po 76 ti bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù; ti Leopold fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n pè é ní Ìjọba Olómìnira ti Kóńgò. Leopold kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà títí ó fi kú.

Eyín erin ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó jáde. Ní 1888, John Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kẹ̀kẹ́ gba ìgboro kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, mọ́tò tẹ̀ lé e, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà. Igbó Kóńgò kún fún ìtàkùn tó ní oje rọ́bà. Ìjọba Leopold kéde pé ilẹ̀ tí ènìyàn kò gbé, tí kò sì dáko sí, ti di ti ìjọba. Ó pín apá púpọ̀ nínú igbó náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ bíi ABIR, òun náà sì ní ìpín nínú èrè wọn.

Wọ́n bu iye rọ́bà tí abúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa mú wá. Bí kò bá pé, àwọn ológun a kó àwọn obìnrin, wọn a tì wọ́n mọ́lé títí àwọn ọkọ wọn yóò fi mú rọ́bà dé. Pàṣán tí wọ́n fi awọ erinmi ṣe ni wọ́n fi ń na ènìyàn, nígbà mìíràn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Àwọn ọ̀gá kò fẹ́ kí ṣọ́jà fi ọta ìbọn ṣòfò sórí ẹran ìgbẹ́; nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ibi, fún ọta kọ̀ọ̀kan tí ṣọ́jà bá yìn, ó ní láti mú ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó pa wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí ó bá ti fi ọta náà pa ẹran jẹ, a lọ gé ọwọ́ ẹni tó wà láàyè kí ìṣírò lè bára mu.

Kò sí ẹni tó ka àwọn ará Kóńgò kí rọ́bà tó dé, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ iye àwọn tó kú. Ní 1919, ìgbìmọ̀ ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù kan sọ pé ó ṣeé ṣe kí iye àwọn ènìyàn náà ti dín kù dé ìdajì. Àwọn onítàn kan ṣírò àdánù náà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Àwọn mìíràn ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ìbọn pa àwọn kan. Ebi pa àwọn tó sá wọ igbó. Àrùn sùnrunsùnrun àti àwọn àrùn mìíràn rí ara tí iṣẹ́ àti ebi ti sọ di aláìlágbára, wọ́n sì wọlé. Ọmọ bíbí náà dín kù, nítorí ọkọ ń bẹ nínú igbó, aya ń bẹ nínú àhámọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá ìpẹ̀yàrun ni a lè pe ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé rọ́bà ni Leopold ń wá, kò pète láti pa ẹ̀yà kan rẹ́. Ìjiyàn náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ di ibi ìsápamọ́ fún wa. Orúkọ yòówù tí a bá fún un, ẹ̀jẹ̀ ni.

Wọ́n mọ̀

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sábà máa ń béèrè nígbà tí a bá dé ibí yìí ni pé: ṣé àwọn ará Yúróòpù kò mọ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí a to ọdún náà tẹ̀ léra wọn.

Ní oṣù keje 1890, kí òwò rọ́bà tó gbóná rárá, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, George Washington Williams, kọ lẹ́tà sí Leopold láti Stanley Falls, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé kà á. Williams ti jẹ́ ṣọ́jà, ó ti ṣe pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Boston, ó sì ti kọ ìwé lórí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ó kọ nípa ilẹ̀ tí a fi ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ àwọn ọba, nípa ènìyàn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè, nípa abúlé tí a dáná sun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó kú, ní ẹni ọdún 41.

Ní 1895, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà kan, John Murphy, sọ̀rọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ti London nípa ọwọ́ gígé. Ní 1896 àti 1897, E. V. Sjöblom, míṣọ́nnárì láti Sweden, kọ ọ́ nílé, ó sì tún lọ sọ ọ́ ní London. Ní 1899, William Sheppard, míṣọ́nnárì Presbitéríà aláwọ̀ dúdú láti Virginia, wọ ibùdó àwọn jagunjagun tí ìjọba ń lò ní agbègbè Kasai. Ó bá ọwọ́ ọ̀tún ènìyàn lórí iná níbi tí wọ́n ti ń yan án kí ó má bàa jẹrà. Ó kà á: 81 ni. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà.

Lásìkò kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò dé Kóńgò rí ti mọ òtítọ́ láti etí òkun. Akọ̀wé ni E. D. Morel nínú ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tí àwọn ará Èkó àtijọ́ mọ̀ dáadáa. Ó ń bójú tó ẹrù ọkọ̀ Kóńgò ní èbúté Antwerp. Ó rí i pé ọkọ̀ ń kó rọ́bà àti eyín erin dé tẹnu-tẹnu, ṣùgbọ́n ìbọn, ọta àti ológun ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kó padà lọ. Ọjà tí a lè fi san owó rọ́bà fún ẹnikẹ́ni kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ń gba ọjà tí kò sanwó, tó sì ń fi ìbọn ránṣẹ́, òwò kọ́ ló ń ṣe. Morel sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Alfred Jones. Jones yìí kan náà ni kọ́nsọ́ọ̀lù Leopold ní Liverpool. Wọ́n fi ipò àti owó tó pọ̀ sí i lọ Morel. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1901.

Ní oṣù karùn-ún 1903, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jíròrò ọ̀rọ̀ náà. Roger Casement, kọ́nsọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì, wọ inú igbó lọ lọ́dún náà; ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kejì 1904. Láti lẹ́tà Williams di ọjọ́ tí Leopold gbé Kóńgò sílẹ̀, ọdún 18 ni. Nínú ọdún 18 yẹn, kò sí ìgbà kan tí a lè sọ pé ayé kò gbọ́.

Bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ

Bí wọ́n bá gbọ́, kí ni wọ́n wá ṣe sí ohun tí wọ́n gbọ́? A rí ọ̀nà mẹ́rin. A fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ kà wọ́n, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó bá wọn pàdé nítòsí ilé.

Ọ̀nà kìíní ni aṣọ iṣẹ́ rere. Leopold ni olórí àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú. Olú ìlú rẹ̀, Brussels, ni àwọn ìjọba ayé ti pàdé ní 1889 sí 1890 láti jíròrò bí òwò ẹrú yóò ṣe tán ní Áfíríkà. Ẹni tó bá wá ń sọ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń kó àwọn obìnrin nígbèkùn nítorí rọ́bà, òun ni yóò dà bí ọ̀tá iṣẹ́ rere.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a yẹ ẹlẹ́rìí wò, kí a fi ẹ̀rí sílẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà Williams jáde, àwọn ìwé ìròyìn Brussels wádìí oyè kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ń pe ara rẹ̀. Wọn kò wádìí ẹ̀wọ̀n tó ní òun rí lọ́rùn ènìyàn. Wọ́n ní àwọn oníṣòwò Liverpool ló ń bẹ lẹ́yìn Morel. Wọ́n ní ìlara àwọn Kátólíìkì ló ń da àwọn míṣọ́nnárì Pùròtẹ́sítáǹtì láàmú. Nígbà tí Casement kọ nípa ọmọkùnrin kan, Epondo, tí a gé lọ́wọ́, àwọn aṣojú ìjọba kó ọ̀rọ̀ mìíràn jọ láti fi hàn pé ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ló bù ú jẹ.

Ọ̀nà kẹta ni ìgbìmọ̀. Ní 1896, nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, Leopold gbé ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́fà kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Míṣọ́nnárì ni gbogbo wọn: Kátólíìkì mẹ́ta, Pùròtẹ́sítáǹtì mẹ́ta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ní agbègbè ibi tí rọ́bà ti ń pa ènìyàn jù lọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì rí ara wọn jókòó. Ọkàn ayé balẹ̀: wọ́n ti yan àwọn ènìyàn Ọlọ́run sí i. Ní 1904, ó tún yan ìgbìmọ̀ adájọ́ mẹ́ta, ó rò pé wọn yóò wẹ òun mọ́. Àwọn wọ̀nyí lọ sínú igbó, wọ́n sì tẹ́tí. Ní Baringa, olóyè kan tí ń jẹ́ Lontulu wá síwájú wọn pẹ̀lú 110 igi wẹ́wẹ́. Ó pín wọn sọ́nà mẹ́rin: àwọn ìjòyè, àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé. Ó ń mú igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó kú. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní oṣù kọkànlá 1905, ó sì fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí fúnra wọn sọ kò jáde. Wọ́n tì í mọ́ ilé ìpamọ́ ìwé ní Brussels, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí i kà.

Ọ̀nà kẹrin ni iná. Ní oṣù kẹjọ 1908, nígbà tí Leopold fẹ́ fa Kóńgò lé ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi sun ìwé ìjọba Kóńgò ní Brussels. Ní oṣù kọkànlá, Bẹ́ljíọ̀mù gba ilẹ̀ náà. Wọ́n gba gbèsè Leopold rù, wọ́n sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí mílíọ̀nù 50 faransì láti fi dúpẹ́ fún ìnira tó ṣe lórí Kóńgò.

Kí ló dé tí àwọn ará ìlú gbà? Owó rọ́bà kọ́ àwọn ilé ńláńlá àti àwọn ẹnu ọ̀nà ọlọ́lá tí a ṣì ń rí ní Brussels dòní. Àwọn oníwèé ìròyìn kan gba owó. Àwọn oníṣòwò gba èrè. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ rárá náà jẹ iyì orílẹ̀-èdè rẹ̀. Olúkúlùkù ló ní dòdò tirẹ̀ lẹ́nu.

Ìjọ àti ẹnu rẹ̀

A dé ibi tó kàn wá jù lọ. Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní Kóńgò láti 1878, kí Leopold tó gba ilẹ̀ náà. George Grenfell, akọni nínú wọn, ti fi ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n sọ ní Peace wo odò náà já. Leopold fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ó yàn án láti bá a pa ààlà ilẹ̀, ó sì fi í sínú ìgbìmọ̀ 1896 tí a mẹ́nu bà lókè. Ìjọba ló ń fún míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ fún ibùdó tuntun. Ìjọba ló ń bu owó orí wọn. Nígbà tí Leopold dín owó orí náà kù, ẹgbẹ́ náà rán aṣojú lọ sí Brussels ní oṣù kìíní 1903 láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 1903 ni èyí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí Sheppard ti ka ọwọ́ 81.

A kò gbọ́dọ̀ fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣẹ̀sín. Ibojì àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àti ti ọmọ wọn pọ̀ létí odò náà. Ìdí tí wọ́n fi dákẹ́ dà bí ohun ẹ̀mí: bí a bá sọ̀rọ̀, wọn yóò lé wa, bí wọ́n bá lé wa, ta ni yóò wàásù fún àwọn ènìyàn yìí? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, kò sì sí pásítọ̀ kan nínú wa tí kò tíì sọ irú rẹ̀ rí ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tí a fẹ́ dúró wàásù fún ni wọ́n ń pa tán lọ. Ìròyìn fi yé wa pé àwọn ará Kóńgò kan bi míṣọ́nnárì léèrè bóyá Olùgbàlà tó ń sọ yìí lágbára láti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyọnu rọ́bà. Ìbéèrè nípa ẹ̀kọ́ ìgbàlà nìyẹn, ó sì jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìbéèrè ìdánwò wa lọ. Ẹni tó bá gba owó orí tó dín kù, tó sì dákẹ́, ti dáhùn rẹ̀.

Àwọn mìíràn dáhùn lọ́nà mìíràn. Ní oṣù karùn-ún 1904, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nsala wá sí ibùdó míṣọ́nnárì ní Baringa pẹ̀lú nǹkan tí ó fi ewé dì. Ó tú u: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ni, Boali, ọmọ ọdún márùn-ún. Alice Seeley Harris ní kí ó jókòó sí ìloro, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀, John, fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ká, wọ́n ń fi iná hàn án lára ògiri nínú àwọn ilé ìjọsìn. Wọ́n ti sọ pé Epondo ń purọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ pé fọ́tò ń purọ́. Ní Kasai, Sheppard kò sinmi. Ní 1909, ilé-iṣẹ́ rọ́bà ibẹ̀ pè é lẹ́jọ́ ní Léopoldville lórí ohun tó kọ. Emile Vandervelde, olórí àwọn sósíálíìsì Bẹ́ljíọ̀mù tí kì í ṣe onígbàgbọ́, wá láti ilẹ̀ rẹ̀, ó gbèjà rẹ̀ láìgba owó. Wọ́n dá Sheppard láre ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní Bẹ́ljíọ̀mù fúnra rẹ̀, àlùfáà Jesuit kan, Arthur Vermeersch, ti tẹ ìwé jáde ní 1906 láti bá ìwà ìjọba Kóńgò wí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ìjọ kọ́ ni. Láti inú gbogbo ẹ̀ka ni àwọn kan ti dákẹ́, láti inú gbogbo ẹ̀ka ni àwọn kan sì ti sọ̀rọ̀.

Bí a bá wo àwọn tó sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n jọra ní ohun kan: wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Sheppard ka ọwọ́, kò kàn sọ pé ó pọ̀. Harris kọ orúkọ baba àti orúkọ ọmọ. Lontulu, tí kò ní bírò, fi igi kọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀tà kan ní Boma

Hezekiah Andrew Shanu jẹ́ ọmọ Ọ̀tà, tí a bí ní 1858. Ó kàwé, ó sì ṣe olùkọ́ kí ó tó lọ sí Kóńgò ní 1884. Ìjọba Leopold ló gbà á síṣẹ́. Ó bá wọn wá àwọn ṣọ́jà ní ilẹ̀ wa. Ó di akọ̀wé àti ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì gómìnà àgbà ní Boma. Ní 1893, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá òwò sílẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Boma, ó ní ilé àlejò, ó ń ya fọ́tò, àwọn ìwé ìròyìn Bẹ́ljíọ̀mù sì tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde. Ní 1894, ó lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, ó bá àwọn gbajúmọ̀ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ìwé níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣọ̀tẹ̀ ní Boma ní 1900, ẹ̀yìn ìjọba ni ó wà. Ìjọba náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Bí a bá ń wá ẹni tó jẹ dòdò ní Kóńgò, kò sí ọmọ Áfíríkà tó jẹ ẹ́ tó Shanu.

Ní 1903, ó sọ ohun tó mọ̀ fún Casement nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ sí Morel. Nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan, Charles Caudron, lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ohun tí a sọ nílé ẹjọ́ fi hàn pé àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Shanu wá bí ìwé ẹjọ́ náà ṣe dé ọwọ́ Morel, Morel sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìròyìn yìí kò ti ẹnu òyìnbó onínúure wá. Inú ìwé ìjọba Leopold fúnra rẹ̀ ni ó ti jáde, ọmọ Ọ̀tà ló sì mú un jáde.

Ìjọba mọ̀ níkẹyìn. Wọ́n pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan má rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní Boma, òṣìṣẹ́ ìjọba ni oníbàárà. Òwò rẹ̀ wó. Ní oṣù keje 1905, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. A kò kọ èyí láti yin ikú bẹ́ẹ̀, a kò sì jókòó lórí ìtẹ́ ìdájọ́ láti dá a lẹ́bi. Ohun tí a rí ni pé ó dá nìkan wà. Kò sí ìjọ kan tó dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ kí ènìyàn máa sọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ múra láti bọ́ ilé ẹni tó bá sọ ọ́.

Ìgbàgbé

Leopold kú ní oṣù kejìlá 1909. Ní 1914, Jámánì kógun wọ Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì pa àwọn ará ìlú níbẹ̀. Gbogbo ayé káàánú orílẹ̀-èdè kékeré yìí, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tó bá mẹ́nu ba Kóńgò dà bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ìran kan kú, òmíràn dìde, ilé ìwé sì ń kọ́ àwọn ọmọ pé Leopold mú ọ̀làjú lọ sí Áfíríkà.

Ní àwọn ọdún 1970, Jules Marchal jẹ́ aṣojú Bẹ́ljíọ̀mù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó kà nínú ìwé ìròyìn Làìbéríà pé mílíọ̀nù 10 ènìyàn kú ní Kóńgò lábẹ́ Leopold. Inú bí i. Ó kọ̀wé sí Brussels kí wọ́n fún un ní ohun tí yóò fi já irọ́ náà. Kò rí nǹkan kan gbà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ tí òun ń ṣiṣẹ́ fún wò. Wọn kò gbà fún un. Ó wá fi ìgbà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣe ìwádìí, ó sì kọ ìwé lórí ìwé nípa ohun tí kò fẹ́ gbà gbọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì mọ̀. Ohun tí àwọn bàbá sẹ́ ti di ohun tí àwọn ọmọ kò mọ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2020, Ọba Philippe ti Bẹ́ljíọ̀mù kọ̀wé sí Ààrẹ Kóńgò pé ọgbẹ́ àtijọ́ dun òun. Ọdún 112 ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n sun ìwé.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ béèrè lọ́wọ́ wa

Ìwé Diutarónómì 21 sọ̀rọ̀ nípa òkú tí a bá rí ní pápá, tí a kò mọ ẹni tó pa á. Òfin Ọlọ́run kò gbà kí wọ́n sin ín kí wọ́n sì máa lọ. Àwọn àgbààgbà ní láti jáde wá wọn ilẹ̀ láti ibi òkú náà dé àwọn ìlú tó yí i ká. Àwọn àgbààgbà ìlú tó sún mọ́ ọn jù ní láti wẹ ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run pé ọwọ́ wọn kò ta ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀, ojú wọn kò sì rí i. Ẹ kíyè sí gbólóhùn kejì yẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí i kò lè búra. Ìwé Òwe 24:11–12 sún ọ̀rọ̀ náà síwájú: ó pàṣẹ kí a gba àwọn tí wọ́n ń fà lọ síbi ikú, ó sì sọ tẹ́lẹ̀ pé a ó wí àwáwí pé a kò mọ̀, àti pé Ẹni tó ń wọn ọkàn kò ní gba àwáwí náà.

Kí ni pásítọ̀ yóò ṣe? Ohun mẹ́ta ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí.

Èkíní, kí ó mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀ tí gómìnà fi ta ìjọ lọ́rẹ, ọkọ̀ tí olóṣèlú gbé wá nígbà ìdúpẹ́, àga iwájú níbi ayẹyẹ ìjọba: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni dòdò. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba, kí a lè mọ ọjọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa wá lẹ́nu mọ́.

Èkejì, kí ó máa kọ orúkọ. Àwa ni à ń sin òkú. Nígbà tí àwọn apani bá kọlu abúlé kan, pásítọ̀ ibẹ̀ ló sábà máa ń mọ orúkọ, ọjọ́ orí àti ìdílé àwọn tó kú kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó dé. Ní Asaba, ní oṣù kẹwàá 1967, àwọn ológun ìjọba àpapọ̀ wa pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tó jáde wá kí wọn káàbọ̀. Nǹkan bí ọdún 35 ló kọjá kí àwọn aláṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí àwọn ará ìlú náà ní gbangba. Àwọn ìdílé tó ṣọ́ orúkọ òkú wọn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parẹ́. Ìwé ìsìnkú inú ìjọ lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta, kí ó dúró ti ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ẹnì kan bá mú ìròyìn ẹ̀jẹ̀ wá, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí wa lẹ́nu ni pé: ẹ̀yà wo ni? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló rán an? Wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀ nípa Williams. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ohun tó sọ wò. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, tí ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, kí àpótí àánú ìjọ ṣí sílẹ̀ fún òun àti ìdílé rẹ̀.

Òwe àwọn bàbá wa ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Grenfell àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Shanu jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ yó, ó sì sọ òdodo. Nítorí náà, ìkìlọ̀ ni òwe náà, kì í ṣe àyànmọ́. Kí Olúwa tó fi ẹ̀yín iná kan ètè Aísáyà kan tiwa náà, kí Ó sì fún àwọn ìjọ wa ní ọkàn láti má ṣe jẹ́ kí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ dá nìkan wà.